Ilé iṣẹ́ tírélà wa fẹ́ kógbá wọlé: ọdún mẹ́rin àti oṣù méje ni mo ní, kí ni ṣíṣe lórí owó ìfẹ̀yìntì?

Ọmọ Ọ̀ràngún (Illinois) béèrè:

Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mò ń wá.

Ilé iṣẹ́ akẹ́rù tí mò ń bá wakọ̀ wà lábẹ́ Teamsters, yúníọ̀nù àwọn awakọ̀. Oṣù Kẹta 2021 ni mo wọlé, wákàtí 50 ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀, ọmọ ọdún 52 sì ni mí. Wọ́n ti ti tẹ́míínà mẹ́ta pa láàárín oṣù mẹ́rin, gbogbo ẹni tó wà níbùdó ló ń sọ pé bí Yellow, ilé iṣẹ́ akẹ́rù tó kógbá wọlé, ṣe lọ ní 2023 ni tiwa náà máa lọ. Oṣù Kẹwàá 2025 la wà yìí. Wọ́n ní ẹni tí kò bá pé ọdún márùn-ún kò ní rí kọ́bọ̀ gbà nínú owó ìfẹ̀yìntì. Ilé iṣẹ́ kan tí kò ní yúníọ̀nù ti pè mí, 1099 ni wọ́n fẹ́ fún mi, ìyẹn ni pé mi ò ní jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, mo máa dá dúró fúnra mi. Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n dúró? Ìyàwó mi ṣì wà ní Ìlá, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá owó yìí lè kàn án tí mi ò bá sí mọ́.

Bàbá Ṣadé:

Tí ilé iṣẹ́ bá ti kú, owó ìfẹ̀yìntì bá a lọ nìyẹn. Gba iṣẹ́ tuntun yẹn kíákíá.

Àgbà Ojú Pópó (Texas):

Bàbá Ṣadé, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì Teamsters kì í gbé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Àpò ọ̀tọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń dá owó sínú rẹ̀. Àwọn tí yúníọ̀nù yàn àti àwọn tí agbanisíṣẹ́ yàn, iye kan náà, ló jọ ń ṣọ́ ọ. Àwọn tí ilé iṣẹ́ jẹ ní gbèsè kò lè fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ 30 Oṣù Keje 2023 ni Yellow dá iṣẹ́ dúró, ó wọ kóòtù pé òun kò lè san gbèsè mọ́ ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹjọ, nǹkan bí 30,000 òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, 22,000 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Teamsters. Síbẹ̀ owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kò dúró torí ìyẹn.

Ọmọ Ọ̀ràngún, àbúrò mi, má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọdún rẹ ti pé márùn-ún láìjẹ́ pé o mọ̀. Wákàtí ni ọ̀pọ̀ ètò fi ń ka ọdún fún vesting, ìyẹn ìgbà tí owó náà máa di tìrẹ tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà á padà. Bí o bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí 1,000 nínú ọdún ètò kan, ọdún kan gbáko ni wọ́n máa kà fún ọ. Ká ní Oṣù Kìíní ni ọdún ètò tìrẹ ń bẹ̀rẹ̀. Láti Oṣù Kẹta 2021 títí dé ìparí ọdún yẹn, wákàtí rẹ ju 2,000 lọ: ọ̀kan nìyẹn. 2022, 2023, 2024: ó di mẹ́rin. Ní 2025, ọ̀sẹ̀ 20 ti kó wákàtí 1,000 jọ, láàárín Oṣù Karùn-ún ló ti pé. Ó di márùn-ún.

Ṣùgbọ́n má fi orí èyí sùn. Ètò mìíràn ń ka ọ̀sẹ̀ tí ilé iṣẹ́ san owó fún, òmíràn ń ka láti ọjọ́ ìwọlé dé ọjọ́ ìjáde. Ìwé tó máa sọ irú èyí tí tìrẹ jẹ́ ni wọ́n ń pè ní Summary Plan Description. Kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì àpò náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí ilé iṣẹ́. Béèrè ìwé yẹn, kí o sì béèrè pension benefit statement tó fi ọdún vesting rẹ hàn. Òfin ERISA ti 1974 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba statement yìí lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 12, tí o bá ti fi lẹ́tà béèrè. Certified mail ni kí o fi ránṣẹ́, kí ìbuwọ́lùwé ẹni tó gbà á lè padà sọ́wọ́ rẹ.

Bí ó bá ku díẹ̀ kí ọdún rẹ pé, iṣẹ́ mìíràn lábẹ́ àpò kan náà ni kí o wá, torí ọdún tó kù á máa bá a lọ níbẹ̀. ABF Freight àti TForce Freight ṣì jẹ́ ilé iṣẹ́ Teamsters. Àmọ́ káàdì Teamsters kì í ṣe ẹ̀rí pé àpò kan náà ni. UPS jẹ́ Teamsters, ṣùgbọ́n láti 2007 ló ti san bílíọ̀nù $6.1 láti jáde kúrò nínú Central States, ọ̀kan nínú àwọn àpò ìfẹ̀yìntì Teamsters. Kí o tó gba iṣẹ́ kankan, bi wọ́n pé: “Àpò wo lẹ ń dá owó ìfẹ̀yìntì sí?” Orúkọ àpò náà gan-an ni kí wọ́n sọ.

Ẹni tí kò tíì vest, tó sì lọ lo ọdún márùn-ún léra-léra tí wákàtí rẹ̀ kò pé 501 nínú ọ̀kankan wọn, ètò lè pa àwọn ọdún tó ti ní tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kú.

Ìyá Ìbejì (Houston):

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n wa sọ. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ọ̀ràngún, tí ìwé náà bá dé, ẹ má wo àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀ nìkan. Ẹ fi ìka tẹ̀ lé e lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè rí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ báyìí: 43, 52, 52, 31, 40. Ọ̀sẹ̀ 31 yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè. Ó lè jẹ́ layoff, ó lè jẹ́ àìsàn, ó sì lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kò ròyìn ọ̀sẹ̀ 21 náà rárá. Ìwé owó ọ̀sẹ̀ yín ló máa ṣèdájọ́. Ní báyìí tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́, kẹ́ ẹ fa gbogbo pay stub (ìwé owó ọ̀sẹ̀) àti W-2 (ìwé owó ọdún tí agbanisíṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́) láti 2021 jáde, kẹ́ ẹ tọ́jú wọn sí méjì: ọ̀kan sórí bébà, ọ̀kan sínú ímeèlì tiyín, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti kógbá wọlé, wọ́n lè pa ojú ìwé yẹn láàárín ọjọ́ kan.

Fún ẹni tí ìwé rẹ̀ ti sọ nù, fọ́ọ̀mù SSA-7050 ti Social Security máa kó orúkọ agbanisíṣẹ́ àti owó tó wọlé jáde lọ́dọọdún. Wọ́n ń gba owó fún un. Ìwé Social Security ọ̀fẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sọ orúkọ ilé iṣẹ́, torí náà kò tó láti fi jà.

Àwọn tó bá Yellow ṣiṣẹ́ láti àtijọ́, ẹ wo Oṣù Keje 2009 sí Oṣù Karùn-ún 2011 nínú ìwé yín. Ilé iṣẹ́ náà dá owó àpò dúró nígbà yẹn, ìdá kan péré nínú mẹ́rin iye tó yẹ ló sì padà wá ń san láti Oṣù Kẹfà 2011. Bí iye tó ń wọlé fún àwọn ọdún yẹn bá kéré, ìdí rẹ̀ nìyẹn, ẹ má rò pé àṣìṣe ni.

Bí ọ́fíìsì àpò bá kọ ìbéèrè owó yín, ẹ ní ọjọ́ 60 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má jẹ́ kó kọjá. EBSA, ẹ̀ka iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òṣìṣẹ́, máa ń bá èèyàn dá sí i lọ́fẹ̀ẹ́: 1-866-444-3272.

Ọmọ Ọ̀ràngún:

Ẹ ṣé gan-an o. Bí àpò náà fúnra rẹ̀ bá gbẹ ńkọ́? Ẹ̀rù ìyẹn gan-an ló ń bà mí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Ohio):

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, torí àpò lè ṣàìsàn kí ilé iṣẹ́ tìẹ máa ta kébé. Ṣáájú 1980, ìjọba ló ń sọ ilé iṣẹ́ tó lè gba ọ̀nà kan àti iye tó lè gbà lórí ẹrù. Owó yúníọ̀nù ń wọ inú iye yẹn, kò pa ilé iṣẹ́ lára. Ọjọ́ 1 Oṣù Keje 1980 ni Ààrẹ Carter buwọ́ lu Motor Carrier Act, ẹnu ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tí kò ní yúníọ̀nù wọlé pẹ̀lú iye tó kéré, àwọn ti àtijọ́ sì ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Consolidated Freightways ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní Oṣù Kẹsàn-án 2002. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá kú, àwọn tó fẹ̀yìn tì níbẹ̀ kò kú. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣẹ́kù ló wá ń gbé ẹrù wọn, awakọ̀ tó ń dá owó sí i ń dín kù, ẹni tó ń gbà á ń pọ̀ sí i. Ohun tó ń jẹ àpò run nìyẹn.

Central States dé bèbè kòtò. Ní 2015 ó tọrọ àyè láti gé owó àwọn èèyàn rẹ̀, iléeṣẹ́ ìṣúra Amẹ́ríkà sì kọ̀ ní Oṣù Karùn-ún 2016. Òfin 2021 ló gbà á là: bílíọ̀nù $35.8 ni wọ́n fún un, fún àwọn ènìyàn tó lé ní 350,000. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe àwìn.

Wo bí tìrẹ ṣe rí nínú Annual Funding Notice, ìwé tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 120 lẹ́yìn ìparí ọdún ètò. Wá ìdá-ọgọ́rùn-ún tó wà níbẹ̀. Tí owó inú àpò bá tó 80% ohun tó jẹ, ara rẹ̀ sábà máa ń yá. Tó bá wà lábẹ́ 80%, ojú gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Tó bá wà lábẹ́ 65%, àìsàn náà ti wọra.

Bí owó bá tán pátápátá, PBGC, àjọ ìjọba tó ń dúró fún owó ìfẹ̀yìntì, ló máa dá sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó rẹ ni wọ́n máa san. Wọ́n á pín owó oṣù rẹ sí iye ọdún iṣẹ́ rẹ. $11 àkọ́kọ́, wọ́n á san gbogbo rẹ̀. $33 tó tẹ̀ lé e, 75% rẹ̀. Ohun tó bá kù lókè, òfo. Ẹni tó ṣe ọdún 18, tó yẹ kó máa gba $1,200 lóṣù, ìṣirò rẹ̀ jẹ́ $66.67 fún ọdún kọ̀ọ̀kan. $11 pẹ̀lú $24.75 jẹ́ $35.75, ìlọ́po 18 rẹ̀ jẹ́ $643.50. Ìdajì owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn èèyàn wa pé kí wọ́n má gbé gbogbo ọjọ́ ogbó wọn lé àpò kan ṣoṣo.

Àgbà Ojú Pópó:

Mo fẹ́ dá sí ti 1099 yẹn. Àbúrò, iye tí wọ́n dárúkọ fún ọ kọ́ lowó rẹ. Ká ní $220,000 wọlé lọ́dún, tí epo, ìnṣọ́ránsì, táyà, àtúnṣe àti owó ọkọ̀ jẹ $175,000. Ó ku $45,000. Ìwọ nìkan ló máa san owó orí Social Security àti Medicare, 15.3% lórí 92.35% owó yẹn, nǹkan bíi $6,358. Lórí W-2 ti $45,000 kan náà, $3,442.50 ni wọ́n máa yọ lọ́wọ́ rẹ, agbanisíṣẹ́ á san ìyókù. Lórí $220,000 kọ́ ni Social Security máa ṣírò ọjọ́ ogbó rẹ, lórí èrè ni. Bí o bá ṣe ń fi ìnáwó gé èrè sí nítorí owó orí tó, bẹ́ẹ̀ ni owó ọjọ́ ogbó rẹ ń kéré sí i. Bí o bá sì lọ, ṣí SEP IRA, àkáǹtì ìfẹ̀yìntì fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, lọ́dún àkọ́kọ́, torí kò sí ẹni tó ń dá kọ́bọ̀ sí ohunkóhun fún ọ mọ́.

Kó o tó kúrò, gba withdrawal card, káàdì tó fi hàn pé o ti dáwọ́ ẹgbẹ́ dúró, ní local rẹ, ìyẹn ẹ̀ka yúníọ̀nù rẹ. Bí o kò bá gbà á, owó oṣù ẹgbẹ́ á máa gun orí ara wọn dè ọ́ di ọjọ́ tí o bá fẹ́ padà.

Ìyá Ìbejì:

Lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó: tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn tì tẹ́ ẹ ṣì jọ jẹ́ tọkọtaya, òfin ní kí ètò san owó náà lọ́nà tí ìyàwó á fi máa gba ó kéré tán ìdajì lẹ́yìn yín. Owó oṣù tiyín á dín díẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ ò lè mú un kúrò àyàfi tó bá fọwọ́ sí ìwé níwájú notary, wọ́n sì lè ṣe ìyẹn fún un ní ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní Èkó.

Ìwé ìgbéyàwó ni gbogbo ẹ̀ ń dúró lé. Ẹni tó ṣe ìdána nìkan láìforúkọ sílẹ̀, ọ́fíìsì àpò kò ní ohun tó máa rí. Ẹ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí kóòtù ìbílẹ̀, kẹ́ ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ìbílẹ̀, kí orúkọ méjèèjì bá pásípọ́ọ̀tù mu, lẹ́tà dé lẹ́tà. Bí ọjọ́ ìbí inú ìwé iṣẹ́ yín bá yàtọ̀ sí ti Social Security, ẹ tún un ṣe báyìí. Tí ìyàwó kò bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí kò sì gbé níbẹ̀, wọ́n lè máa yọ 30% owó orí nínú owó rẹ̀, torí Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Á nílò ITIN, ìyẹn nọ́ńbà owó orí fún ẹni tí kò ní nọ́ńbà Social Security, fọ́ọ̀mù W-7 ni wọ́n fi ń gbà á.

Ọmọ Ọ̀ràngún:

Olúwa á san yín lẹ́san. Ọ̀kan péré ló kù. Ilé iṣẹ́ ń pín ìwé kan láti àná pé ká buwọ́ lù ú kí wọ́n tó san owó ìsinmi tí wọ́n jẹ wá.

Àgbà Ojú Pópó:

Má buwọ́ lù ú níbẹ̀. Ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí o mú un lọ fún business agent, aṣojú yúníọ̀nù ní local, kó kà á. Ilé iṣẹ́ kò lè fi ìwé yẹn gba owó ìfẹ̀yìntì tó ti di tìrẹ, ṣùgbọ́n ó lè fi gba ẹjọ́ tó yẹ kí yúníọ̀nù bá ọ rò lórí owó ìsinmi. Bí wọ́n bá lọ sí kóòtù pé àwọn kò lè san gbèsè mọ́ kí wọ́n tó san án, fọ́ọ̀mù proof of claim, ìyẹn ẹ̀rí pé wọ́n jẹ ọ́, ni wàá fi béèrè. Owó iṣẹ́ àti ìsinmi tó jẹ́ ti ọjọ́ 180 ṣáájú ọjọ́ yẹn máa wà níwájú ọ̀pọ̀ gbèsè mìíràn, títí dé $17,150. Kóòtù á dá ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé. Bí o bá ti kó ilé, yí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ padà ní póòsì àti ní ọ́fíìsì àpò lọ́jọ́ kan náà, torí ibẹ̀ ni lẹ́tà náà máa gbà dé.