Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wíwá ibi tí fọ́ọ̀tì wà lórí fídà tí wọ́n so sólà mọ́

Ọmọ Oníná: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Fídà 11 kV, ìyẹn waya tó ń gbé iná láti sọ́bstéṣọ̀n (ibùdó tí wọ́n ti ń pín iná) lọ sí àdúgbò, la ń bójú tó. Látìgbà tí wọ́n ti so pápá sólà mọ́ ọn láàárín ọ̀nà, ibi tí rílé sọ́bstéṣọ̀n, ẹ̀rọ tó ń ṣírò bí fọ́ọ̀tì (àbùkù lórí waya) ṣe jìnnà tó, bá júwe kì í bá ibi tí waya ti já mu mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á rìn kọjá ibẹ̀ tán, wọ́n á tún padà. Kí lẹ rò pé ká rà, tàbí ká ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Rílé: Àbúrò, rílé yín ò bàjẹ́. Ojú sọ́bstéṣọ̀n nìkan ló fi ń wo iná, iná sì ti ń wá láti ọ̀nà méjì. Ká ní fọ́ọ̀tì wà ní kìlómítà 6, sólà wà ní kìlómítà 4. Sọ́bstéṣọ̀n ń rán 1,600 A (áńpíà, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn), sólà ń da 200 A kún un. Ní kìlómítà 2 tó kù, 1,800 A ló ń kọjá, ṣùgbọ́n 1,600 ni rílé mọ̀, kìlómítà 2 yẹn á wá dà bíi 2.25 lójú ẹ̀ (2 × 1,800 ÷ 1,600), á sì pè é ní kìlómítà 6.25. Òpó bíi márùn-ún nìyẹn. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ gáàsì tó ń da 800 A sí i ni, kìlómítà 7 ló máa pè é! Ẹ ra rẹ́kọ́dà, ẹ̀rọ tó ń kọ iye iná sílẹ̀, èyí tó ní aago GPS (aago tó ń gba àkókò láti ojú sátẹ́láìtì), ẹ fi sí ibi tí sólà ti wọlé. Tẹ́ ẹ bá ti mọ iye tó ń dà sí i, ìṣirò á tọ́.

Àdùkẹ́ Onísólà: Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ má pẹ́ kẹ́ ẹ tó mú iye yẹn o. Òfin IEEE 1547, ìlànà àwọn onímọ̀ iná lórí síso sólà àti irú rẹ̀ mọ́ iná ìjọba, ní kí ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná sólà di irú iná tí à ń lò nílé) já kúrò láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2 tó bá rí i pé iná ìjọba ti lọ, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń yára jùyẹn lọ. Iye tó wà nínú 100 ms àkọ́kọ́ (ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan) ni kẹ́ ẹ lò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ibàdàn: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀rọ tó ń ka ìgbì tí fọ́ọ̀tì máa ń rán sáré lórí waya lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Rílé: Ó dáa lórí 33 kV tó gùn tí kò yà. Tí aago ìpẹ̀kun méjèèjì bá fi máíkírósẹ́kọ́ńdì kan (ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá) yàtọ̀ síra, mítà 150 lẹ ti ṣì. Fídà 11 kV tó ní ẹ̀ka rẹpẹtẹ, ìgbì á máa ta padà níbi gbogbo. Owó ńlá ni, mi ò ní gbà wọ́n níyànjú ẹ̀.

Bàbá Orí Òpó: Ẹ fi àmì tó ń tàn tí iná fọ́ọ̀tì bá kọjá kọ́ sórí waya lẹ́nu ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n irú èyí tó mọ ìhà tí iná ti ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tí a ń lò látijọ́ lè tàn níwájú fọ́ọ̀tì, kó tún tàn lẹ́yìn ẹ̀ nítorí iná tó ń ti ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ padà wá. Mo sì bẹ̀ yín: kí ẹnikẹ́ni tó gun òpó, ẹ yẹ waya wò bóyá iná ṣì wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ilẹ̀ lápá méjèèjì ibi iṣẹ́. Bréékà sọ́bstéṣọ̀n tó ṣí kò tó mọ́.

Ọmọ Oníná: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Àǹtí Àdùkẹ́, ṣé a lè gba fáìlì inú ínfátà, tó ń kọ iye iná tó dà sílẹ̀, lọ́wọ́ àwọn onísólà nígbà tí a ò tíì rí rẹ́kọ́dà rà?

Àdùkẹ́ Onísólà: Ẹ lè gbà á. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tí fídà já sínú ẹ̀ dé orí ìṣẹ́jú àáyá.