Ibi ìpọnmi ọ̀fẹ́ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, kí ọ̀rá piọ́wọtà lè dínkù: báwo la ṣe máa ṣe é tí kò fi ní bàjẹ́?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn ló fẹ́ ṣe ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa pọn omi mímu sínú ìgò ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rá piọ́wọtà ti dí gọ́tà ọgbà pa, òjò díẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn kíláàsì á ti kún.

Ohun tó wà nílẹ̀: bóhóòlù kan, pọ́ǹpù 1 HP, táǹkì 2,000 lítà lórí irin tó ga ní mítà 3, àti iná tó ń wá nígbà tó bá wù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó 1,200, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló máa lò ó.

Ṣé omi bóhóòlù náà ṣe é mu bẹ́ẹ̀? Táàpù mélòó ló yẹ? Ibo ni asẹ́ máa wà? Ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún wa ní kò sí èyí tó dà bí RO (ẹ̀rọ tó ń ti omi gba inú awọ asẹ́ wíwẹ́ kọjá) pẹ̀lú UV (iná tí ìtànṣán rẹ̀ ń pa kòkòrò), owó rẹ̀ sì ga. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Alábòójútó_Omi

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ gbé omi yẹn lọ sí láàbù ná. Kí wọ́n yẹ E. coli (kòkòrò inú ìgbẹ́) wò, kí wọ́n yẹ nitrate, fluoride, òjé, irin tó yòrò sínú omi, pH (bí omi ṣe kan tó), àti bí omi ṣe rú tó. E. coli kò gbọdọ̀ sí rárá nínú mìlílítà 100. Nitrate kò gbọdọ̀ kọjá mílígíráàmù 50 nínú lítà kan, fluoride 1.5, òjé 0.01.

Nitrate ni kí ẹ la ojú sí jù. Ṣalángá àti sọ̀káwéè tó bá sún mọ́ bóhóòlù ló sábà ń fà á. Klórínì kò lè mú un kúrò, asẹ́ lásán kò lè mú un, bí ẹ bá sì se omi náà, ńṣe ló máa ki sí i. Bó bá ga, ibẹ̀ ni RO ti wúlò. Bí kò bá ga, tí omi ò sì níyọ̀, ẹ gbàgbé RO: ó ń da omi nù, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná, awọ asẹ́ inú rẹ̀ kò sì rọrùn láti pààrọ̀. UV náà ń pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbàrà tí iná bá lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró, kò sì fi ààbò kankan sílẹ̀ nínú omi tó ti kọjá lára rẹ̀. Níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, klórínì ni mo fara mọ́.

Ti irin, ẹ lè mọ̀ ọ́n kí èsì láàbù tó dé. Ẹ pọn omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá jáde ní mímọ́ gaara, tó wá pọ́n, tí nǹkan bí ìpẹtà sì silẹ̀ sí ìdí báàkẹ́ẹ̀tì, irin ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ara irin yẹn ni klórínì máa tán sí kó tó kan kòkòrò. Irú omi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa já láti òkè sínú táǹkì àkọ́kọ́ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, kó silẹ̀ níbẹ̀, kó tún gba asẹ́ iyanrìn kọjá, kó tó dé táǹkì mímu.

Klórínì fúnra rẹ̀: HTH, ìyẹ̀fun klórínì, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 65% ni kí ẹ lò. Fún táǹkì 2,000 lítà, gíráàmù 6 máa fún yín ní nǹkan bíi mílígíráàmù 2 nínú lítà kan. Ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ṣíbí ṣe é, torí ṣíbí ẹnìkan kì í ṣe ṣíbí ẹlòmíì. Ẹ pọn omi lítà 10 sínú báàkẹ́ẹ̀tì oníke, ẹ da ìyẹ̀fun náà sínú omi (ẹ má da omi sórí ìyẹ̀fun o), ẹ rò ó, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ silẹ̀. Omi orí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ dà sí táǹkì, nígbà tí pọ́ǹpù ṣì ń fa omi wọlé, kí wọ́n lè pò pọ̀. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi DPD, oògùn tí wọ́n fi ń wọn klórínì, wọ̀n ọ́n níbi táàpù tó jìnnà jù lọ. Oògùn yẹn máa ń sọ omi di aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó wá fi wé àwọ̀ tó wà lára ike rẹ̀. Mílígíráàmù 0.2 sí 0.5 nínú lítà kan ni kí ẹ máa wá. Bó bá wà nísàlẹ̀ 0.2, ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ń fi kún un lójoojúmọ́ tí kò sì dúró, ìdọ̀tí ti wà nínú táǹkì, fífọ̀ ló kù. Bí pH bá kọjá 8, klórínì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

HTH kò gbọdọ̀ sún mọ́ díísù, kẹrosínì tàbí epo èyíkéyìí: iná ni. Ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ oògùn ìfọṣalángá.

Plọ́ḿbà_Mọ́kọ́lá

Ọ̀gá ti sọ ti oògùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti páìpù, torí ibẹ̀ ni irú iṣẹ́ yìí ti máa ń kú.

Táǹkì yín wà ní mítà 3, táàpù máa wà ní mítà 1. Mítà 2 ló kù tí omi fi ń ti ara rẹ̀ wálẹ̀, ìyẹn agbára omi 0.2 bar péré. Ẹ gbé asẹ́ ńlá sáàárín táǹkì àti táàpù, omi á máa ṣe tọ́tọ́ bí ojú olókùúnrùn. Ààrin pọ́ǹpù àti táǹkì ni asẹ́ ń gbé, níbi tí pọ́ǹpù á ti máa tì í. Ilé asẹ́ ti 20 íǹṣì tó fẹ̀, kì í ṣe kékeré tí wọ́n ń fi sí abẹ́ síǹkì. Ojú asẹ́ máíkírónì 5 (ihò rẹ̀ wẹ́ gan-an) tó. Ẹ fi géèjì sí iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ti ń lọ sókè, ẹ pààrọ̀ ojú asẹ́ kó tó ya.

Táàpù tí wọ́n ń tẹ̀, tó ń ti ara rẹ̀ pa, ni kí ẹ rà, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń tà á nípa agbára omi tó fẹ́. Àwọn mìíràn fẹ́ 0.5 bar kí wọ́n tó tú omi dáadáa, àwọn yẹn ò lè ṣiṣẹ́ fún yín. Irin tí kì í dípẹtà ni kó jẹ́. Òjé wà nínú idẹ olówó pọ́ọ́kú, ó sì máa ń wọ inú omi tó bá sùn mọ́jú nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ tú gbogbo táàpù fún ìṣẹ́jú 2 kí ẹnikẹ́ni tó mu.

Iye táàpù: kíkún ìgò 75cl gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12, ẹni kan á kúrò, ẹlòmíì á bọ́ síbẹ̀, ẹ pè é ní 20. Ènìyàn 3 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn lórí táàpù kan, 90 nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìsinmi. Bí 300 bá ya débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, táàpù 4 ló máa gbà wọ́n. Bí 600 bá ń lo lítà kan ààbọ̀ lójúmọ́, lítà 900 ni, táǹkì yín á gbé e fún ọjọ́ méjì láìsí iná. Lítà 900 yẹn, bí ẹ bá fi ọ̀rá 50cl ka a, ọ̀rá 1,800 ni, báàgì 90 lójúmọ́.

Àlàfo àárín ẹnu táàpù àti àwo ìsàlẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an. 30 sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ìgò 75cl wọlé, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kò lè wọlé. Bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó ń gbé họ́sítẹ̀ẹ̀lì á gbé kẹ́ẹ̀gì wá, táǹkì á gbẹ kó tó di ọ̀sán. Ẹ fi irin kékeré bo ẹnu táàpù, kí ẹnu ìgò má kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì so rọ́bà mọ́ ọn. Kí táàpù kan wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn.

Ẹ sì ṣe táàpù míì sí tòsí, láti ara páìpù ọ̀tọ̀, fún àlùwàlá, ọwọ́ fífọ̀ àti abọ́. Bí kò bá sí, ti mímu yẹn náà ni wọ́n máa lò, èébú ò sì ní dá wọn dúró.

Ibi tí omi ń dà sí: àwo, páìpù, sọ̀káwéè kékeré tí a kó òkúta sí. Ẹrẹ̀ nídìí omi mímu, ẹ̀fọn ló ń bí. Páìpù PVC kò gbọdọ̀ wà nínú oòrùn, ó máa ń gbẹ, á sì sán. Ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ó tún ń jẹ́ kí omi tutù díẹ̀.

Oníṣòwò_Asẹ́

Ẹ ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ òórùn klórínì máa lé akẹ́kọ̀ọ́ sá. Ẹ fi asẹ́ èédú sí ẹ̀yìn táǹkì, kí omi tó dé táàpù. Òórùn á lọ pátápátá.

Alábòójútó_Omi

Òórùn á lọ, klórínì náà á sì bá a lọ. Èédú ń gba klórínì mọ́ra, ó tún ń gba oúnjẹ kòkòrò mọ́ra, ó sì wà ní tútù nígbà gbogbo. Lópin ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò pọnmi, kòkòrò á ti kọ́lé sínú rẹ̀, tiwọn ni ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀ Ajé máa mu. Asẹ́ èédú dára nílé, níbi tí ènìyàn kan ti ń pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Níta gbangba, n kò gbà á. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ fi í sẹ́yìn asẹ́ máíkírónì 5, kó wà ṣáájú táǹkì, kí klórínì wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Omi tó bá ní 0.3, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò ní gbóòórùn rẹ̀. Òórùn líle sábà máa ń jẹ́ àmì pé wọ́n ń fi ojú bù ú.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

A dúpẹ́ púpọ̀. Ṣé a lè lo Jik bí HTH bá ṣọ̀wọ́n? Àwọn tí kò ní ìgò ńkọ́, ṣé ká so ife mọ́ ibẹ̀?

Ìyá_Peckham

Ẹ má so ife o! Ní London níbí, ní 1859, ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ibi omi ọ̀fẹ́ sí ojú títì, lẹ́yìn tí kọ́lẹ́rà ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láwọn ọdún ṣáájú. Ife tí wọ́n fi ṣéènì so ni gbogbo ayé jọ ń mu. Nígbà tó yá, àwọn oníṣègùn rí i pé ife àjọmu ń kó àrùn ràn, ní 1909 ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà sì fòfin dè é. Ife bébà àlòsọnù ló rọ́pò rẹ̀, ìdọ̀tí míì nìyẹn.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbí báyìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Bristol ní 2015, ni pé ṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ́ fún ènìyàn lómi á lẹ bébà mọ́ fèrèsé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè wọlé kó ní kí wọ́n bá òun rọ omi kún ìgò òun, láìra nǹkan kan. Ó rọrùn fún wọn torí omi ẹ̀rọ kì í lọ. Ẹ̀yin náà lè bá kàǹtíìnì àti ibi ìkàwé sọ ọ́, tí wọ́n bá ti so mọ́ táǹkì kan náà.

Ìgò ni kókó. Piọ́wọtà ò béèrè ìgò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì tutù, ìdí nìyẹn tó fi ń tà. Bí ẹgbẹ́ bá lè ra ìgò irin lọ́pọ̀, kí wọ́n tà á ní iye tí wọ́n rà á fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba káàdì ìdánimọ̀, á ràn yín lọ́wọ́ ju pátákó ìkìlọ̀ lọ.

Alábòójútó_Omi

Màmá ti dáhùn ti ife. Lórí ìgò, ẹ tún kọ ọ́ sára ògiri pé ìgò tó ti gbé kẹrosínì, àgbo tàbí epo pupa rí kò gbọdọ̀ wá síbẹ̀. Ìgò àlòsọnù tí wọ́n ń tún lò, kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ibi tí nǹkan ti ha inú rẹ̀ ni kòkòrò ń sá sí. Bí nǹkan bá ti ha á púpọ̀, kí wọ́n jù ú sí ibi tí wọ́n ti ń kó ike jọ.

Jik tí a kò fi lọ́fínńdà sí ṣeé lò. Bí ara ike rẹ̀ bá sọ 3.5%, mìlílítà 115 fún 2,000 lítà. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ máa ń dínkù bó ṣe ń pẹ́ tó sì ń gbóná, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, DPD ni kó sì sọ òótọ́ fún yín.

Kí ẹ tó ṣí ibẹ̀, ẹ fọ táǹkì, ẹ fi omi kún un, ẹ fi gíráàmù 154 HTH sí i, ẹ tú táàpù kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi gbóòórùn rẹ̀, ẹ tì wọ́n pa fún wákàtí 12. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kì í ṣe mímu, ẹ má sì dà á sí ibi igi. Ẹ máa tún fọ̀ ọ́ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ gun òkè lọ wo ẹnu páìpù tí omi àkúnya ń gbà jáde. Bí kò bá ní nẹ́ẹ̀tì, ọmọńlé ti wọ inú rẹ̀.

Ènìyàn méjì ni kó mú kọ́kọ́rọ́, kó má ṣe jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo tó lè lọ sí ìlú rẹ̀ nígbà ọdún. Láàárọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀kan nínú wọn á wọn klórínì, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ táàpù: ọjọ́, aago, iye rẹ̀, orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n. Láàbù á tún yẹ E. coli wò lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Bí klórínì bá jẹ́ òdo, ẹ ti fáàfù ńlá pa, ẹ kọ "Kò sí omi mímu lónìí", kí ẹ tó wá ìdí rẹ̀ lọ.