Súwẹ́tà Màmá: nọ́ńbà 8 ti Amẹ́ríkà àti nọ́ńbà 8 ti Ìlú Ọba

Ọmọ Ẹ̀kìtì, Leeds:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi ń bọ̀ láti Adó lóṣù kọkànlá, mo sì fẹ́ kí súwẹ́tà tí mo fọwọ́ ara mi hun ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Pátánù Amẹ́ríkà kan ni mò ń tẹ̀ lé. Ó ní kí n lo abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 8, kí n kó ojú 180 (ìyẹn òrùka òwú tó ń jókòó sórí abẹ́rẹ́) sórí rẹ̀, àyà aṣọ náà yóò sì jẹ́ 100 cm. Abẹ́rẹ́ olókùn tí mo rà ní charity shop, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù ọjà àlòkù, 8 gan-an ni wọ́n kọ sí i lára. Òwú Aran, ìyẹn òwú tó nípọn díẹ̀, ni mò ń lò. Mo ti hun ún dé ibi tó ga díẹ̀, àmọ́ kò gbà mí láyà, bẹ́ẹ̀ Màmá sanra jù mí lọ dáadáa. Mo ti ka ojú rẹ̀ títí, 180 ni. Ẹ gbà mí, kí ló fà á?

Ìyá Ìbejì, Manchester:
O kú iṣẹ́ ọwọ́, àbúrò mi. Ojú rẹ pé, abẹ́rẹ́ ló ṣe é. Nọ́ńbà 8 ti Amẹ́ríkà jẹ́ 5 mm. Nọ́ńbà 8 ti ayé àtijọ́ níbí, èyí tó wà lára àwọn abẹ́rẹ́ tí àwọn ìyá àgbà òyìnbó lò, 4 mm ni. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni abẹ́rẹ́ ń tóbi. Níbí, bó ṣe ń ga ló ń tín-ín-rín: 10 àtijọ́ jẹ́ 3.25 mm, 6 ló jẹ́ 5 mm. Torí náà, tó o bá tún dé charity shop, 6 ni kí o wá. Èyí tó dáa jù ni kí o gbàgbé nọ́ńbà, kí o máa béèrè mm. Wọ́n ń ta pátákó pẹlẹbẹ kan tó ní ihò lóríṣiríṣi, ihò tí abẹ́rẹ́ bá wọ̀ láìfún láìfẹ̀, iye tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n abẹ́rẹ́ náà.

Wo ìṣirò rẹ̀. Kí ojú 180 tó di 100 cm, ojú 18 ló gbọ́dọ̀ wà nínú 10 cm. Bí abẹ́rẹ́ 4 mm bá sọ ọ́ di ojú 22 nínú 10 cm, gbogbo 180 yẹn kò ní tó 82 cm. Fi téèpù lé e, kí o kà á.

Ọmọ Ẹ̀kìtì, Leeds:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán mà. 22, kò lé, kò dín! Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé kí n wá tú gbogbo ẹ̀?

Bàbá Kékeré, Minneapolis:
Tú u, má bẹ̀rù. Òwú náà kò ṣòfò. Bó o ṣe ń tú u, máa wé e mọ́ ẹ̀yìn àga títí yóò fi di òrùka ńlá kan, kí o fi òwú míì so ó níbi mẹ́rin kó má bàa lọ́ mọ́ra. Wàá rí i pé ó ká kóńkó-kòǹkò bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú dídì rẹ̀. Rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, fi ọwọ́ tẹ omi ara rẹ̀ jáde, má lọ́ ọ, kí o wá fi kọ́ sínú bálùwẹ̀. Tó bá fi máa gbẹ, ó ti nà.

Lẹ́yìn náà, hun àpẹẹrẹ kékeré kan kí o tó fọwọ́ kan súwẹ́tà. Kí ó tó 15 cm níbùú lóròó, torí etí aṣọ máa ń ká, àárín la ti ń wọ̀n ọ́n. Fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, ìgbà yẹn ni kí o tó ka ojú rẹ̀. Wúùlù máa ń dẹ̀ tí omi bá kàn án, iye tó o bá kà ṣáájú omi kọ́ ni Màmá máa wọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ ṣe é, ọwọ́ máa ń yá wọn sí aṣọ gan-an. Mo bẹ̀ ọ́, ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, Houston:
Níwọ̀n ìgbà tó ti fẹ́ tú u, ẹ jẹ́ kí n bi í: kí ni Màmá máa wọ̀ sábẹ́ rẹ̀? Tó bá jẹ́ ìró àti bùbá, súwẹ́tà àkólórí kò lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Híítà á mú inú ilé gbóná, wọ́n á fẹ́ bọ́ ọ, gèlè á sì ní láti kọ́kọ́ kúrò lórí. Hun èyí tó là níwájú, tó ní bọ́tìnnì.

Apá rẹ̀ ló wá gba àròjinlẹ̀ jù. Apá bùbá gbòòrò. Bí apá súwẹ́tà bá fún, ńṣe ni ti bùbá á ká jọ sí abíyá, á máa há wọn níbẹ̀. Wọn ò sì ní sọ fún ẹ o! Wọ́n á kàn rọra bọ́ ọ, wọ́n á ní ara àwọn gbóná. Ní kí ẹnìkan nílé fi téèpù yí apá wọn ká níbi tó sanra jù, kí ìwọ wá fi 8 sí 10 cm lé e. Gígùn ńkọ́? Tó bá dé ibi tí ìró ti wé mọ́ ìbàdí, ó tó. Tó bá kọjá ibẹ̀, á máa ká sókè ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jókòó.

Ọmọ Ẹ̀kìtì, Leeds:
Háà, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ bùbá yìí kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Màá hun èyí tó là níwájú. Tí wọ́n bá wá gbé e padà sílé ńkọ́? Wọ́n á fẹ́ máa wọ̀ ọ́ láàárọ̀ nígbà ọyẹ́, ẹni tó máa fọ̀ ọ́ fún wọn ni mò ń rò.

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Wo ìwé tó wà lára òwú rẹ. Tí wọ́n bá kọ superwash síbẹ̀, ìyẹn wúùlù tí wọ́n ti ṣe kó má máa sún kì, tàbí tó bá jẹ́ acrylic, ìyẹn òwú àtọwọ́dá, kò sí wàhálà púpọ̀. Tó bá jẹ́ wúùlù lásán, omi gbígbóná pẹ̀lú fífọ̀ fọ́ọ́fọ́ọ́ á mú kó sún kì, kò sì ní padà bọ̀ sípò mọ́. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì níbi tí oòrùn kò sí. Kí wọ́n má sá a sórí okùn, omi á fà á gùn. Tí ọyẹ́ bá lọ, kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dì í sínú ọ̀rá, torí kòkòrò fẹ́ràn wúùlù tó ní ìdọ̀tí lára. Acrylic ní tirẹ̀ kò fẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná, á rọ jọ̀bọ̀tọ̀ títí láé.

Bàbá Kékeré, Minneapolis:
Ti etí iwájú tí bọ́tìnnì máa wà: bó o bá ń ṣa ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, mú mẹ́ta nínú ìlà mẹ́rin mẹ́rin. Tó o bá mú gbogbo wọn, etí náà á máa fì.

Mo fẹ́ kí o mọ ohun kan sí i. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, òtútù ibí sì burú. Tí mo bá jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, tí mo mú apá súwẹ́tà ọmọ mi jáde, tí ìlà kan ń gorí ìlà kan, ọkàn mi máa ń balẹ̀ ju bí oorun ṣe lè mú un balẹ̀ lọ. Inú mi dùn sí ọ gan-an pé o bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀kìtì, Leeds:
Ẹ ṣeun púpọ̀ sà. Mo ti ń tú u. Ẹ̀yìn àga ti kún!

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Má ra abẹ́rẹ́ mọ́. Mo ní 5 mm olókùn kan tí n kò lò lọ́wọ́, màá mú un wá sípàdé ẹgbẹ́ ní Sátidé. Ìwọ náà mú ìwé ara òwú rẹ dání. Pẹ̀lú apá tó fẹ̀ yẹn, òwú tó o ní lè má tó, o sì gbọ́dọ̀ ra òmíì kí nọ́ńbà aró rẹ̀ tó tán lọ́jà. Ibi tí wọ́n kọ Dye Lot sí ni kí o wò, òun ni nọ́ńbà àwọn òwú tí wọ́n pa láró pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí nọ́ńbà yẹn bá yàtọ̀, bí àwọ̀ bá tiẹ̀ jọra lójú iná ṣọ́ọ̀bù, ó máa hàn lójú ọ̀sán.