Oògùn irun: kí ni kí a pe èyí tí dókítà kọ àti èyí tí a dá rà?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Àbá méjì ni ó wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó fún oríṣi oògùn méjì tí àwọn tí irun wọn ń dín kù ń lò. Àbá kìíní ní kí a pe èyí tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ ní “oògùn líle”, kí èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà sì jẹ́ “oògùn fẹ́ẹ́rẹ́”. Èkejì pè wọ́n ní “oògùn inú ìwé” àti “oògùn orí káńtà”. N kò lè fara mọ́ èyíkéyìí nínú wọn.

“Oògùn líle” ti ní ìtumọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bí mo bá sọ ọ́ ní Adó-Èkìtì níhìn-ín, igbó àti kokéènì ni wọn yóò rò. “Fẹ́ẹ́rẹ́” tilẹ̀ léwu jù ú lọ. Minoxidil tí a ń fi pa orí kò nílò ìwé dókítà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, bẹ́ẹ̀ hóró tí a ń gbé mì fún ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, lára àwọn tí ń lò ó ni wọ́n sì ti rí i pé irun ń hù. Irun ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lè kọ́kọ́ máa re sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ó tó rí ìyàtọ̀, bí ó bá sì dáwọ́ dúró, èyí tí ó hù yóò tún re. Èwo ni fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìyẹn?

Finasteride ni dókítà ní láti kọ. Hóró miligíráàmù 1 lójúmọ́ ni, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún orí pípá ọkùnrin ní ọdún 1997. Ó ń dín DHT, homóònù tí ń mú kí orí ọkùnrin pá, kù nínú ara, ó lè mú kí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ dín kù lára àwọn ọkùnrin kan, aboyún kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tí ó ti fọ́, nítorí ọmọkùnrin tí ó lè wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ẹni tí ó yẹ ara wò kí a tó lo oògùn. Káńtà kò sọ ìyẹn fún wa, nítorí pé lọ́dọ̀ àwọn oníkẹ́mísìtì wa, orí káńtà kan náà ni gbogbo oògùn ń gbà kọjá. Ìwé náà kò sọ ọ́, torí ìwé wà nínú páálí oògùn gbogbo.

Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. “Dókítà kọ oògùn fún mi” ni gbogbo wa ń wí. Nítorí náà, mo dábàá “oògùn àkọfúnni”, kí èkejì sì jẹ́ “oògùn àdárà”, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ “àdáṣe”. Ẹni tí ó bá gbọ́ “àdárà” yóò mọ̀ pé òun nìkan ni ó dá ìpinnu náà ṣe.

Ṣùgbọ́n orúkọ àìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ń dùn mí jù. Mo wà ní kẹ́mísìtì kan nígbà tí obìnrin kan tú gèlè rẹ̀. Ẹ̀bátí rẹ̀ méjèèjì ń dán, irun wínníwínní díẹ̀ ló kù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àtáṣímẹ́ǹtì tí wọ́n dì le koko ṣì ń fa awọ orí rẹ̀ sókè. Ó ní, “Irun mi ń já.” Ìpara làpálàpá ni wọ́n gbé fún un. Kò sí ìpẹ́, kò sí ẹ̀yún. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ làpálàpá orí, ìpara kì í dé gbòǹgbò irun, oògùn gbígbémì bíi griseofulvin ni dókítà ń kọ fún un.

Irun tí ó “já” ṣẹ́ láàárín, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà. Rìlásà ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Èyí tí ó “re” bọ́ tòun ti gbòǹgbò. Orí tí ó “pá” ni finasteride wà fún. Ti obìnrin yìí, fífà ni wọ́n fà á tu, títú irun náà sílẹ̀ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, kí ojú ibẹ̀ tó dí pátápátá. Mo bẹ̀ yín, kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí, pàápàá “irun àfàtu”, tí n kò tíì rí nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa.