Ẹ sọ tiyín: fídíò tó ń kọ́ ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà àti àwòrán

Ìyá Télọ̀, Kàbà

Ọkùn o, gbogbo ilé (bí àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi ṣe máa ń kíni nìyẹn). Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún márùn-ún nígbà tí kajú ń pọ́n. Aṣọ Àjíǹde kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi nígbà náà, ariwo máṣíìnì ò sì jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ, ni mo bá fi fóònù lé e lọ́wọ́. Fídíò ABC ló ń wò, èyí tí lẹ́tà máa ń jó, tí wọ́n máa ń kọrin. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ó ti mọ gbogbo orin náà délẹ̀. Ó ń kọ ọ́ lójú oorun. Àwọn oníbàárà ń yìn ín, inú mi ń dùn, mo gbà pé ọmọ mi ti mọ̀wé.

Lọ́jọ́ kan mo ní kó fi B hàn mí lára páálí òwú. Ó wo páálí náà síwá sẹ́yìn, ó ní kò sí níbẹ̀. B wà níbẹ̀ gàdàgbà, ó tóbi ju èékánná mi lọ! Mo fi ìka sí i. Ó ní, "Rárá, Mọ́mì. B ní ojú, ó sì wọ bàtà pupa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ohun tí wọ́n fi han ọmọ náà ló mọ̀. Ta ni ìbá sọ fún un pé B inú fóònù àti B ara páálí, ọ̀kan náà ni wọ́n? Ó ti lè béèrè lọ́wọ́ fóònù náà nígbà ẹgbẹ̀rún, fóònù kì í dáhùn. Èmi tó yẹ kí n dáhùn, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi jìnnà sí i, tí mo ń tẹ máṣíìnì.

Láti ọjọ́ náà, bí lẹ́tà kan bá jáde, màá dá fídíò dúró. Màá fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ kọ ọ́ sára àjákù, òun náà á fi ìka tọ ọ́, a ó sì jọ máa wá a kiri ṣọ́ọ̀bù: lára téèpù, lára máṣíìnì, lára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà kan lóòjọ́. Nígbà mìíràn, kan ní ọjọ́ mẹ́ta bí iṣẹ́ bá pọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá Tíṣà, Ìsánlú

Ìyá Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ mi ló mú fídíò wọlé tọ̀ mí wá.

Ó gbé fóònù ìyá rẹ̀ dé, ó ní, "Bàbá àgbà, kí ni apple?" Mo ní èso kan ni. Ó ní ibo ló wà? Kò sí nínú ọgbà wa, ìyá rẹ̀ kì í sì í rà á lọ́jà. Mo mú un dé ìdí kajú ẹ̀yìn ilé. Mo ní, "K ni ti èyí. Kajú." Ó já a, ó mu ún, omi rẹ̀ ṣàn sí i láyà, ìyá rẹ̀ sì bínú nítorí àbàwọ́n. Àmọ́ K ò kúrò lórí ọmọ yẹn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. A inú Gẹ̀ẹ́sì máa ń pa ohùn dà: bó ṣe dún nínú "apple" kọ́ ló ṣe dún nínú "cake", bó sì ṣe dún nínú "father" tún yàtọ̀. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ni a, nínú ajá, nínú àga, nínú ata. Lẹ́tà wa jẹ́ 25, fáwẹ́lì àìránmúpè inú wọn (a, e, ẹ, i, o, ọ, u) jẹ́ 7, ọmọ tó bá ti gbá àwọn 7 yẹn mú ti lè máa so ọ̀rọ̀ pọ̀. Ibi tí wọ́n ti máa ń kọsẹ̀ ni GB, nítorí ojú rí méjì, etí gbọ́ ẹyọ kan. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé màá ní kí wọ́n pa ètè pọ̀ kí wọ́n tó sọ "gbà", kí wọ́n fọwọ́ kan ètè ara wọn. Kò sí fídíò tó lè bá ọmọ fọwọ́ kan ètè. Ní ti àmì ohùn, ẹ má fi dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ kọ dò-re-mí, ẹ wá kọ ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ tiwa níhìn-ín. Nínú fídíò Yorùbá tí mo rí fún un, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ." Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ní kí ló dé tí kò sọ "Ọkùn" bíi ti ìyá àgbà? Mo dá fídíò dúró. Mo sọ fún un pé ti obìnrin yẹn náà, tiwa ni, àmọ́ kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un láé pé àṣìṣe ni èyí tí ìyá àgbà ń sọ. Ọmọ Yàgbà, ọmọ Ìjùmú, ọmọ Bùnú, ọmọ Owé, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, ìkíni yẹn ló so wá pọ̀ tí wọ́n fi ń pè wá ní Ọkùn. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣe fídíò tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ọkùn". Mo fẹ́ ẹ gidigidi.

Ẹni tó bá sì rò pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, kó rántí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970. Odidi ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ gbogbo, tí tíṣà ọ̀tọ̀ ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Ìyàrá

Tiwa ò gùn. Mo gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ìbejì mi lálẹ́ ọjọ́ kan, Kẹ́hìndé sunkún títí ó fi bì. Ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ̀rù bà mí. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún wa pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà jáde ní 2019: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, kó má jókòó wo nǹkan kan rárá, láti ọdún méjì sí mẹ́rin, kó má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, kó tilẹ̀ dín sí i ló dára. Àwa wá fi í sí ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ẹ̀kọ́ kan ní ìrọ̀lẹ́, èmi tàbí ìyá wọn láàárín wọn. Ó gbà wá tó oṣù kan kí ẹkún tó dáwọ́ dúró.

Àǹtí Aláró, Ògìdì

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwòrán, nítorí òun làwọn èèyàn máa ń fojú kéré.

Ọmọ àbúrò mi méjì ló wà lọ́dọ̀ mi, ọlọ́dún mẹ́fà àti ọlọ́dún mẹ́rin. A wo fídíò kan tí tíṣà ti po ọ̀dà pupa mọ́ yẹ́lò, tó di àwọ̀ ọsàn. Àwọn ọmọ fò sókè, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ ṣe é. Kò sí ọ̀dà nílé. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa wò ó bẹ́ẹ̀, ni ìyá wa àgbà tó jókòó nídìí òfì bá ní, "Kí ni ẹ ń wá tí kò sí nínú ilé yìí?"

Ó ní kí n gún atalẹ̀ pupa, kí n fi omi díẹ̀ sí i. Ó di yẹ́lò, wọ́n fi òwú kùn ún sára aṣọ funfun. Lẹ́yìn náà ó ní kí èyí àgbà bu eérú ààrò, kí ó rẹ ẹ́ sómi, kí ó sẹ́ ẹ. Omi eérú náà mọ́ bí omi lásán. Ó ní kí ó fi ìka kán an sójú yẹ́lò. Ojú ẹsẹ̀ ni ibẹ̀ pọ́n! Pupa rẹ́súrẹ́sú, bíi ti obì. Àwọn ọmọ pariwo tí aládùúgbò fi yọjú. Nígbà tó yá, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yẹ́lò padà. Èyí ọlọ́dún mẹ́rin béèrè pé ibo ni pupa náà sá lọ. Mo sọ fún un pé eérú le, ọsàn kan, bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á jáde. Ìyá àgbà fi kún un pé omi eérú yẹn kan náà ni àwọn fi ń jẹ́ kí aró mú aṣọ, láti ìgbà èwe òun.

Ògìdì yìí náà ni ìlú Nike Okundaye tí ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ. Àìsí ọ̀dà ò lè ní ká má kọ́ àwọn ọmọ wa ní àwọ̀.

Báyìí, èmi fúnra mi ló ń ṣe fídíò. Mo de fóònù mọ́ àpótí, kó kọjú sí ọwọ́ ìyá àgbà nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láàárọ̀ tí oòrùn ò tíì le. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Bùnú ni wọ́n ti bí i, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ aṣọ ipò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn ènìyàn ńlá, tí àwọn ahunṣọ ibẹ̀ máa ń tú òwú pupa inú aṣọ òyìnbó láti fi hun láyé àtijọ́. Ó kọ̀. Ó ní aṣọ àgbà ni, kí n kọ́kọ́ fi ojú aṣọ aláró hàn wọ́n, kí wọ́n kà á: dúdú mélòó, funfun mélòó. Mo gbọ́ràn. Àwọn ọmọ ka ìlà mẹ́tàdínlógún, wọ́n jà lórí èyí tó kẹ́yìn.

Oníṣẹ́ Fóònù, Ẹ̀gbẹ̀

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì ọ̀dọ̀ wa máa ń lọ tó bá wù ú. Ìmọ̀ràn mi: ẹ wa fídíò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má tóbi jù, ẹ kó o sínú mẹ́mórì, kẹ́ ẹ pa dátà kí ẹ tó fún ọmọ. Bí dátà bá ń ṣiṣẹ́, fídíò kan á parí, òmíràn tí ẹ ò mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ mi ti tibẹ̀ dé ibi tí kò yẹ kó dé.

Ìyá Télọ̀, Kàbà

Àǹtí Aláró, mo ṣe é lánàá. Mo fi atalẹ̀ kun àjákù aṣọ funfun kan, mo ní kí ó fi omi eérú kọ ohun tó bá wù ú. Ó kọ B. Ìka rẹ̀ gbọ̀n, ìdí B náà tóbi ju orí rẹ̀ lọ, àmọ́ ó pọ́n yòò. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Mọ́mì, ó ti bọ́ bàtà."

Eérú igi wo lẹ lò? Tèmi ò pọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà kejì.