Iná wo ló dáa fún ìdérí ìgò tó ń dán?

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Ilé iṣẹ́ tá a ti ń rọ ohun mímu sígò ni mo wà ní Ọ̀tà, wọ́n ní kí n to kámẹ́rà tó máa ka déètì orí ìdérí, àmọ́ irin tó ń dán ni ìdérí yẹn, ring light (iná roboto tó yí lẹ́ǹsì ká) tí mo gbé sí i kàn ń kọ mànà sójú kámẹ́rà ni, gbogbo ẹ̀ á funfun báláú. Ti kámẹ́rà tó ń wo ìwọ̀n omi inú ìgò ò yọ mí lẹ́nu, backlight (iná tó ń tàn láti ẹ̀yìn ìgò) ti yanjú ìyẹn. Ṣé kí n lọ sí dome light ni, iná tó rí bí igbá tá a dojú ẹ̀ dé, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́? Ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìdérí gan-an, bẹ́ẹ̀ ààyè ò sí. Àbí kí n fi polarizer (gíláàsì tó ń dín dídán kù) sójú iná àti lẹ́ǹsì? Ìyẹn náà máa ń jẹ ìmọ́lẹ̀, láìnì tí ìgò wa ń gbà kọjá sì ń sáré bí ẹ̀mí èṣù, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ kí fọ́tò tó lè mọ́ dáadáa.