Ìwé gbèsè tí Bàbá fi sílẹ̀: ṣé ká gbà á ni, àbí ká jó o?

Ìyá Tíṣà, Táńkẹ̀:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kò kàn dá sí i ni.

Bàbá wa kú lọ́dún tó kọjá, nílé wa lẹ́bàá Ìgbájà. Káfíńtà ni wọ́n, alàgbà ìjọ ECWA, wọ́n sì ní oko kajú kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Ọ̀làwọ́ ni wọ́n. Tí àkókò kajú bá dé, a kò gbọ́dọ̀ ṣa èyí tó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà; àwọn opó àdúgbò ló ni ín. Inú máa ń bí mi nígbà yẹn, torí owó kajú ni mo fẹ́ fi ra bàtà Àjíǹde. Mo ti di tíṣà kí n tó ka Léfítíkù 19 dáadáa, kí n tó rí ibi tí wọ́n ti mú un.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a tú àpótí irinṣẹ́ wọn, a sì bá ìwé ọmọ iléèwé kan lábẹ́ ayùn. Orúkọ 43, àwọn tí wọ́n yá lówó láti 1994. Báírò pupa ti fa ìlà lórí 29, mo gbà pé àwọn yẹn ti san. Ó ku 14. ₦2,500, owó ìdánwò. ₦6,000, owó oògùn. ₦150,000 lọ́dún 2021, owó ọkọ̀. Ẹni yẹn sì ti kan òrùlé ilé tuntun o, mo máa ń gba iwájú ẹ̀ kọjá tí mo bá lọ sílé. Gbogbo rẹ̀ lé ní ₦400,000.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká gbà á, ká pín in ní orí-ò-jorí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú wọn. Àwọn ló yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra màlúù ìsìnkú, oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́ lára owó wọn. Àbúrò wa tó wà l'Ábújá ní ká jó ìwé náà. Ó rọrùn fún un láti sọ, kò dá kọ́bọ̀ sí màlúù. Màmá ò tíì sọ nǹkan kan. Ọwọ́ mi ni ìwé wà, n kò sì rí oorun sùn. Òwe 13:22 ní ẹni rere a máa fi ogún sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ṣé owó inú ìwé yìí ni ogún tiwa, àbí ìwà tí Bàbá fi yá wọn?

Ọmọ Ọ̀fà:
Ẹ jó o, Ìyá Tíṣà. Orin Dáfídì 37 ní olódodo a máa ṣàánú, a máa yáni, irú-ọmọ rẹ̀ a sì rí ìbùkún. Ẹ̀yin ni irú-ọmọ yẹn. Ẹ ti gba tiyín.

Bàbá Òmù-Àrán:
Ọmọ Ọ̀fà, ẹsẹ 26 lo kà, o fo ẹsẹ 21. Orin kan náà ló ní ènìyàn búburú ń yá, kì í sì í san. Onílé tuntun yẹn ní kó san.

Ìyá Tíṣà, owó tí òkú yá èèyàn, ara ogún ni. Gbogbo yín lẹ jọ ni ín, ẹnì kan ò lè dá a jó. Mi ò ní kẹ́ ẹ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ o. Gbèsè àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á ti pẹ́ jù fún kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi: ta ló ń bọ́ Màmá yín? Kí wọ́n tó pín kọ́bọ̀, Tímótíù Kìíní 5:8 lẹ máa kọ́kọ́ kà: ẹni tí kò bá pèsè fún ará ilé rẹ̀ burú ju aláìgbàgbọ́ lọ.

Ọmọ Opó:
Orúkọ bàbá tèmi wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, ọkùnrin kan wá bá wa l'Ájàṣẹ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Àṣé opó inú Àwọn Ọba Kejì 4 ló wá sí wọn lọ́kàn, èyí tí olówó fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Ọkùnrin náà mu omi, ó bi mí kíláàsì tí mo wà, ó ṣí ìwé, ó sì fa ìlà lójú wa. Oore ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ká ní ó fà á nílé ara rẹ̀ ni, a ò bá tí mọ̀ pé a jẹ ẹ́. Títí dòní, tí mo bá pàdé àwọn ọmọ rẹ̀, ojú mi máa ń wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa fojú fò ó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ìyá Oníwàrà:
Ẹ ṣáà má kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì o. Orúkọ 43! Ẹgbẹ́ akọrin á tú ká kó tó di ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ 😂

Ìyá Tíṣà, Táńkẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé. Mo sọ fún Màmá pé ó kù 14 tí kò tíì san. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Ta ló san? Boyá mẹ́ta ló san nínú gbogbo wọn.”

Àṣé alẹ́ ọdún, kí wọ́n tó lọ sí ìṣọ́ òru, ni Bàbá máa ń gbé ìwé náà sórí ẹsẹ̀. Wọ́n á bi Màmá pé, “Báwo ni ti Ìyá Onírú?” Tí Màmá bá ní kò sí nǹkan kan nílé yẹn, wọ́n á fa ìlà. Nígbà míì wọ́n á jà lé e lórí, torí Màmá mọ ẹni tó ń purọ́.

Mo ka orúkọ 14 náà fún wọn. Wọ́n ní kí n fa ìlà lórí mẹ́wàá. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ onílé tuntun, wọ́n ní, “Èyí á san.” Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́, àwọn méjì péré. ₦60,000 ló mú wá, ó ní òun á mú ìyókù wá tí kajú bá parí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la ó san án fún.

Mo fẹ́ gbé ìwé náà padà wá sí Ìlọrin, Màmá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n ra báírò pupa bọ̀ nígbà tí mo bá tún ń bọ̀, ti Bàbá ti gbẹ.